Ixora: bẹ́ẹ ṣe máa gbìn ín táá fi yọ òdòdó, tí kò ní jẹ́ ewé lásán

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé da omi lu ixora, igi òdòdó táa máa ń gbìn sídìí fẹ́ǹsì yẹn, tí ewé ẹ̀ bá ń pọ́n, òùngbẹ kọ́ ló ń gbẹ ẹ́. Ẹ já ewé tuntun kan lókè kẹ́ẹ wò ó dáadáa, tí iṣan ẹ̀ bá ṣì tutù yọ̀yọ̀ tó jẹ́ àárín àwọn iṣan yẹn ló di yẹ́lò, á jẹ́ pé síméǹtì ló ń bá a jà. Ilẹ̀ tó ní ásíìdì díẹ̀ ni ixora fẹ́ràn, pH (ìwọ̀n ásíìdì inú ilẹ̀) bíi 5 sí 6, àwa wá ń gbìn ín sídìí fẹ́ǹsì gan-an níbi tí àwọn bíríkìlà da àjẹkù síméǹtì sí, tí òjò bá ti ń rọ̀ á máa yọ́ wọlẹ̀, gbòǹgbò ò wá ní lè fa iron, èròjà inú ilẹ̀ tó ń jẹ́ kí ewé tutù yọ̀yọ̀, mọ́.

Torí náà ẹ gbé e jìnnà sí ògiri, ó kéré tán ẹsẹ̀ bàtà 3. Ẹ gbẹ́ ihò tó jìn tó sì fẹ̀ dáadáa, ẹ ṣa gbogbo àfọ́kù búlọ́ọ̀kù dànù, kẹ́ẹ wá po ilẹ̀dú mọ́ ìgbẹ́ màlúù tó ti jẹrà kẹ́ẹ fi dí i. Ẹ má lo ìgbẹ́ adìyẹ tútù o, á jó gbòǹgbò ẹ̀. Tó bá jẹ́ ọgbà lẹ fẹ́ fi ṣe, ìyẹn kó tò bíi fẹ́ǹsì, ẹ fi ẹsẹ̀ bàtà 2 sí 3 sáàárín ìkan sí ìkejì, níbi tí oòrùn ti ń pa á dáadáa tí omi kì í dúró sí.

Ẹ ò nílò kẹ́ẹ máa ra gbogbo ẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń ta fláwà lẹ́bàá títì. Ẹ gé ẹ̀ka tí kò rọ̀ jù tí kò sì tíì gbó jù, bí íǹṣì 4 sí 6, lábẹ́ oríkèé ni kẹ́ẹ ti gé e, ẹ já ewé ìsàlẹ̀ kúrò kó ku 2 lókè, ẹ tì í bọ inú yanrìn tútù nínú náílọ̀nù, kẹ́ẹ gbé e síbòòji kẹ́ẹ sì fi ike omi tẹ́ẹ gé ìdí ẹ̀ dé e lórí. Ìgbà òjò ló dáa jù. Ó máa ń tó oṣù kan sí méjì kó tó ta gbòǹgbò, ẹ má máa fà á tu láti fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Gígé ẹ̀ ló ń dùn mí jù. Orí ẹ̀ka ni ixora ti ń yọ òdòdó, tí ẹni tó ń tọ́jú ọgbà yín bá wá ń rẹ́ ẹ lórí lọ́sẹ̀ méjìméjì kó lè gún régé, òdòdó tó fẹ́ yọ ló ń gé dànù yẹn, ìdí nìyẹn tí ixora ẹlòmíì fi wà láti ọdún yìí wá tí àwọn ọmọdé ò rí nǹkan já fà mu nídìí ẹ̀. Ẹ jẹ́ kó tanná tán kó rẹ̀ kẹ́ẹ tó gé e.

Tẹ́ẹ bá rí èèrà tó ń gun orí ẹ̀, ẹ yí ẹ̀yìn ewé wò, kòkòrò wínníwínní tó ń fa omi ara ẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ẹ po ọṣẹ olómi ṣíbí kékeré kan mọ́ omi lítà kan, kẹ́ẹ fín in sí i nírọ̀lẹ́.

Tí ọyẹ́ bá dé, ẹ kó koríko gbígbẹ sídìí ẹ̀ àmọ́ kó má kan igi ẹ̀, kẹ́ẹ sì máa bomi rin ín láàárọ̀ títí òjò á fi padà.