Bí a ṣe ń gbé license server kalẹ̀ lórí Linux

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ní Under G tá a wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, àwa mẹ́fà la jọ ń lo sọ́fítíwià tá a fi ń ya plan, license mẹ́ta péré la rà, kọ̀ǹpútà kékeré kan tó ń lo Ubuntu lábẹ́ tábìlì ló ń pín in fún wa. FlexNet ló ń ṣe é, àwọn tó ti pẹ́ nídìí ẹ̀ ṣì ń pè é ní FlexLM.

Ẹ kọ́kọ́ tẹ `ip link` kẹ́ ẹ fi mọ MAC address ẹ̀rọ náà (nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì ẹ̀ mọ̀), torí òun ni wọ́n máa so license mọ́. Ti ojú ihò káàbù ni kẹ́ ẹ mú o, kì í ṣe ti wáífáì tá à ń kì bọ USB. Èmi mú ti USB, lọ́jọ́ tẹ́nìkan yọ ọ́ lọ wo bọ́ọ̀lù, iṣẹ́ gbogbo wa dúró gbọnin.

Tí fáìlì license bá dé, ẹ fi hostname yín (orúkọ server náà) sídìí SERVER, kẹ́ ẹ kọ 27000, ìyẹn port (ẹnu ọ̀nà táwọn kọ̀ǹpútà yòókù ń gbà wọlé sí i), sí ìparí ìlà yẹn. Nídìí VENDOR, ẹ fi `port=2080` kún un. Ibí ló ti ń dojú rú fún ọ̀pọ̀ èèyàn, torí tẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, port tó bá wu dáẹ́mọ́nù vendor (ètò tó ń ka license sọ́fítíwià yẹn) ló máa mú nígbàkigbà tó bá tún gbéra, ufw, ìyẹn firewall Ubuntu, á wá tilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ẹ ṣí méjèèjì:

`sudo ufw allow 27000/tcp`
`sudo ufw allow 2080/tcp`

Ẹ kó lmgrd (òun ni server FlexNet gan-an), lmutil (tá a fi ń yẹ̀ ẹ́ wò), dáẹ́mọ́nù vendor àti license sí /opt/flexlm, kẹ́ ẹ dá yúsà flexlm sílẹ̀, ẹ má fi root (yúsà tó láṣẹ lórí gbogbo ẹ̀rọ) ṣe é.

Ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ tẹ lmgrd kó ní "No such file or directory", bẹ́ẹ̀ fáìlì ọ̀hún wà níbẹ̀ gbangba. Irọ́ ló ń pa, ld-lsb (fáìlì Linux tó fi ń gbéra) ni ò sí, ẹ fi èyí tún un ṣe:

`sudo ln -s /lib64/ld-linux-x86-64.so.2 /lib64/ld-lsb-x86-64.so.3`

Ẹ wá kọ service fún systemd (òun ló ń gbé àwọn ètò dìde tí Linux bá ń tàn), ẹ fi `User=flexlm` sí i, àti `ExecStart=/opt/flexlm/lmgrd -z -c /opt/flexlm/license.lic`, kẹ́ ẹ enable ẹ̀, kí NEPA mú iná lọ kó dá a padà, á dìde fúnra ẹ̀. Lórí ẹ̀rọ oníkálukú, ẹ kọ `27000@` àti IP server sínú environment variable tó ń jẹ́ LM_LICENSE_FILE.

`lmutil lmstat -a` lẹ fi máa mọ ẹni tó gbé license dání. Tiwa, ọ̀gá kan ló máa ń ṣí i sílẹ̀ tá á gba Tákíè lọ jẹ àmàlà, la bá kọ `TIMEOUTALL 1800` sínú fáìlì options, lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí ò bá fọwọ́ kàn án, á gbà á lọ́wọ́ ẹ̀.