Bí a ṣe rí owó ìrànwọ́ ìjọba gbà fún ilé mẹ́rìnlá ní Leeds

Iṣẹ́ mi ní Leeds ni kí n máa wá ilẹ̀ àti owó fún àjọ kékeré kan tó ń kọ́lé fún àwọn tí apá wọn kò ká owó ilé ìgboro. Housing association ni wọ́n ń pe irú àjọ bẹ́ẹ̀ níbí. Wọn kì í pín èrè, ìjọba ń ṣọ́ wọn tọwọ́ tẹsẹ̀, wọ́n sì ń gba owó ilé bíi lánlọ́ọ̀dù yòókù, àfi pé iye tí wọ́n ń gbà kéré. Àwọn ọmọ Yorùbá tó wà nínú ìgbìmọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì àti ẹgbẹ́ àdúgbò máa ń bi mí bí a ṣe ń rí owó ìjọba gbà kọ́ ilé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn rò pé fọ́ọ̀mù ni olórí iṣẹ́. Fọ́ọ̀mù ló rọrùn jù níbẹ̀.

Inú ètò Affordable Homes Programme ti 2021 sí 2026 ni owó tiwa ti jáde. £11.5 bílíọ̀nù ni ìjọba yà sọ́tọ̀ fún un. Ọ́fíìsì Mayor ló ń pín ti London; Homes England, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ilé kíkọ́, ló ń pín ti gbogbo ìyókù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn àjọ ńlá máa ń gba tiwọn lápapọ̀ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé. Ní ti àwa kéékèèké, ilẹ̀ tí a bá rí la fi ń lọ béèrè, ọ̀kọ̀ọ̀kan, níwọ̀n ìgbà tí owó kò bá tíì tán.

Ilẹ̀ gáréèjì ni tiwa. Káńsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, ló kọ́ àwọn gáréèjì náà láyé àtijọ́, wọ́n sì ti kéré jù fún mọ́tò òde òní. Àwọn kan ti wó, pàǹtí kún ìyókù, asbestos, ohun ìkọ́lé tí eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ni wọ́n fi bo orí wọn, èyí tó túmọ̀ sí pé a kò lè kàn gbé katapílà lé wọn lórí. Àmọ́ abẹ́ ilẹ̀ ló ń dẹ́rù bà mí jù. Wọ́n ti wa èédú ní Leeds fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, òfin ọdún 1872 ló sì ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ di dandan pé kí ẹni tó bá pa ibi ìwakùsà tì fi àwòrán rẹ̀ sílẹ̀ fún ìjọba. Ihò tí wọ́n gbẹ́ ṣáájú ìgbà yẹn, Ọlọ́run nìkan ló mọ iye rẹ̀. A ní kí wọ́n lu ilẹ̀ náà wò. Wọ́n bá òfìfo ní apá kan, a sì ní láti ṣètò owó sìmẹ́ǹtì olómi tí wọn yóò rọ sínú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan ìpìlẹ̀.

Owó tí a fi lu ilẹ̀ yẹn wò, àpò ara wa ló ti jáde, nígbà tí a kò tíì mọ̀ bóyá ìjọba máa dá wa lóhùn. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ olùdarí wa kò fẹ́. Èmi rò pé owó tó ṣe wá láǹfààní jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà nìyẹn, torí ẹni tó bá gba àdéhùn tán tó tún padà lọ béèrè àfikún nítorí ihò èédú, wọ́n máa bi í pé kí ló ń wò látẹ̀yìnwá.

Lẹ́yìn náà ni ìṣirò, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ jẹ́ ká fi iye tó rọrùn ṣe é. Ká ní ilé oníyàrá méjì kan máa ná wa ní £230,000, àti ilẹ̀, àti iṣẹ́, àti owó ayàwòrán òun lọ́yà. Ká ní owó ilé rẹ̀ jẹ́ £110 lọ́sẹ̀, ìyẹn £5,720 lọ́dún. A óò yọ owó àtúnṣe, owó òṣìṣẹ́ àti ti ìgbà tí ilé bá ṣófo: ká pè é ní £1,600. Ó ku £4,120 tí a lè fi san gbèsè. Bí iye yìí bá ń fi 3% lékún lọ́dọọdún, tí báǹkì sì ń gba èlé 5%, gbèsè tí ilé náà lè dá san tán láàárín àádọ́ta ọdún kò ju nǹkan bíi £127,000 lọ. £103,000 tó kù kò ní ibi tó máa gbà wá, àfi kí a fi owó ilé há ayálégbé lọ́rùn. Àlàfo yẹn ni owó ìrànwọ́ wà fún. Ìjọba kì í bá wa kọ́lé. Àlàfo ló ń bá wa dí, ó sì fẹ́ rí ẹ̀rí pé bó ṣe fẹ̀ tó la wí.

Ẹ wá sọ èlé yẹn di 6%. £127,000 á já wálẹ̀ sí nǹkan bíi £105,000. Ìdá kan péré nínú ọgọ́rùn-ún ti gbé ohun tó lé ní £20,000 lọ lórí ilé kan ṣoṣo. Ẹni tó bá rántí pé èlé Bank of England wà ní 0.1% ní oṣù kọkànlá 2021, tó sì dé 5.25% ní oṣù kẹjọ 2023, á mọ ìdí tí orí fi ń fọ́ wa. Àárín ìgbà kan náà ni ọ̀wọ́n gógó ọjà dé 10.1%, ní oṣù kẹsàn-án 2022. Bí wọ́n bá tẹ̀ lé òfin tó wà nílẹ̀, ìyẹn ọ̀wọ́n gógó ọjà àti 1% lórí rẹ̀, à bá lè fi 11.1% kún owó ilé lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n ìjọba fi gbèdéke 7% sí i. Mi ò lè bínú sí i, mo mọ bí nǹkan ṣe rí fún àwọn ayálégbé wa. Àlàfo náà ṣáà fẹ̀ sí i.

Oríṣi owó ilé tí a yàn náà kan ọ̀rọ̀ yìí. Affordable Rent lè dé 80% iye tí wọ́n ń gbà nígboro. Social Rent ni ti kejì. Owó oṣù àwọn ará agbègbè, iye yàrá àti iye tí irú ilé bẹ́ẹ̀ tó ní ọdún 1999 ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀, ó sì sábà máa ń kéré dáadáa sí ti àkọ́kọ́. Social Rent la mú. Àwọn tó wà lórí ìwé ìdúró-de-ilé ti káńsù kò lè san 80% ohunkóhun.

Káńsù, tó ni ilẹ̀ gáréèjì náà, fẹ́ ràn wá lọ́wọ́ lọ́nà kan tó fẹ́ẹ̀ dá wàhálà sílẹ̀. Láti 1980 ni òfin Right to Buy ti ń jẹ́ kí ayálégbé káńsù ra ilé tó ń gbé ní ẹ̀dínwó, káńsù sì máa ń tọ́jú lára owó náà láti fi kọ́ òmíràn. Wọ́n fi díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ̀ wá. Inú wa dùn, àfi ìgbà tí lọ́yà wa rán wa létí pé lábẹ́ ètò wa, owó Right to Buy àti owó ìrànwọ́ Homes England kò gbọ́dọ̀ pàdé nínú ilé kan náà. A fi ti káńsù sílẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sórí ilẹ̀ mìíràn, wọ́n sì dín iye tí wọ́n máa ta ilẹ̀ gáréèjì fún wa kù dípò rẹ̀. Ilẹ̀ olówó pọ́ọ́kú yẹn, owó ìpamọ́ tiwa àti owó ìrànwọ́ ló para pọ̀ dí àlàfo.

Fọ́ọ̀mù wá kàn. Orí íntánẹ́ẹ̀tì la ti kún un: iye ilé, iye yàrá, ìwọ̀n ilé, iye tí gbogbo rẹ̀ máa ná wa, iye tí a ń béèrè, ọjọ́ tí iṣẹ́ máa bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó máa parí. Kí a tó fi ránṣẹ́ ni mo ti bá òṣìṣẹ́ Homes England tó ń mójú tó agbègbè wa sọ̀rọ̀, mo sì gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ó bi mí bóyá ilé náà wà lára èyí tí àṣẹ ìkọ́lé ti sọ di dandan fún oníṣòwò ilé kan láti kọ́. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, wọn kì í sábà fówó sí i, torí dandan ni kó wáyé, owó ìjọba ò fi ohunkóhun kún un.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ìbàdàn gbọ́ pé wọ́n ti fọwọ́ sí i. Ó ní, "Owó ọ̀fẹ́? Ẹ̀yin tí ẹ wà nídìí ẹ̀ ńkọ́, èló ló kàn yín níbẹ̀?" Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, kò sí kọ́bọ̀ tó lè kàn wá, ẹ̀yìn iṣẹ́ lowó ń dé." 40% wá nígbà tí ilẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ wa, 35% nígbà tí a tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú agbaṣẹ́ṣe tí iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀, 25% nígbà tí ilé parí. Bí a kò bá débẹ̀, kò sówó. Ó ní nígbà ayé Jákáńdè, ìjọba ló dá kọ́ tirẹ̀ l'Ékòó, kò fi ẹnikẹ́ni ṣe alágbàtà. Òótọ́ ni, ilé tí Jákáńdè kọ́ ṣì wà níbẹ̀ tí àwọn èèyàn ń gbé inú wọn. Mi ò bá a jiyàn.

Èyí tó yẹ kí àjọ kékeré fi sọ́kàn ni pé ìdá 25% ìkẹyìn yẹn lè pẹ́ kó tó dé. Agbaṣẹ́ṣe ń gbowó lóṣooṣù. Owó tí a yá ní báǹkì la fi ń dúró dè é, èlé sì ń gorí rẹ̀ lọ. Agbaṣẹ́ṣe àkọ́kọ́ tí a bá sọ̀rọ̀ gbówó lé iye tó kọ́kọ́ pè kí a tó fọwọ́ síwèé, a sì lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ sún, 35% náà sún tẹ̀ lé e.

Ilé mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá ti kún báyìí. Owó ìjọba ṣì wà lára wọn o: bí a bá ta ọ̀kan, owó ìrànwọ́ orí rẹ̀ gbọ́dọ̀ padà sínú àpò ọ̀tọ̀ tí a óò fi kọ́ òmíràn. Ọ́dítọ̀ tí kì í ṣe ti ìjọba, tí kì í sì í ṣe tiwa, wá yẹ fáìlì wò: ìwé ilẹ̀, àṣẹ ìkọ́lé, ìwé ìparí iṣẹ́, ọjọ́ tí a béèrè owó kọ̀ọ̀kan. Àwọ̀ ewé, àwọ̀ ọsàn tàbí pupa ni wọ́n ń fún èèyàn. Ewé ni tiwa.

Ètò tuntun ti dé, £39 bílíọ̀nù láti 2026 sí 2036, wọ́n sì fẹ́ kí ó kéré tán 60% ilé rẹ̀ jẹ́ Social Rent. Ìjọba tún kéde pé láti 2026, káńsù máa lè da owó Right to Buy pọ̀ mọ́ owó ìrànwọ́. Mo ti pe káńsù lórí ẹ̀.