Bí mo ṣe fi àkókò omi òkun ṣètò ọjọ́ kan ní Margate

Kí n tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin lọ sí Margate, mo kọ́kọ́ wo àkókò tí omi òkun ibẹ̀ máa fà. Ní Kent ni ìlú náà wà, ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ni omi rẹ̀ ń fà, ẹ̀ẹ̀mejì ló sì ń kún. Bó bá ti fà tán, á tó nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà kó tó kún padà, àkókò náà sì máa ń sún síwájú lójoojúmọ́, nǹkan bí àádọ́ta ìṣẹ́jú. Ẹ ó rí gbogbo rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun méjì tó wù mí jù ní Margate, ère kan tó wà nínú òkun àti adágún kan tó wà létí rẹ̀, ẹ ò lè gbádùn wọn bí omi bá kún. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú ọjọ́ Sátidé kan tí omi máa fà tán ní kété tí agogo mọ́kànlá àárọ̀ bá lù.

Èmi, ìyá mi tó wá kí wa láti Ìbàdàn, àti àwọn ọmọ mi méjì la jọ lọ. Mo ti gba káàdì ẹ̀dínwó tí iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ń ṣe fún ìdílé àti ọ̀rẹ́. Ó ń yọ ìdá kan nínú mẹ́ta kúrò nínú owó àgbà, ó sì ń yọ ju ìdajì lọ kúrò nínú ti ọmọdé. Ẹ má ṣe gbé e jáde láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ ní agbègbè Lọ́ńdọ̀nù o, wọn ò ní gbà á. Ọkọ̀ tó ń yára láti ibùdókọ̀ St Pancras ní Lọ́ńdọ̀nù gbé wa débẹ̀ láàárín nǹkan bíi wákàtí kan ààbọ̀, bí a sì ṣe jáde ní ibùdókọ̀ ni òkun ti wà níwájú wa.

A gba etí iyanrìn lọ síhà ibi tí ilé àwòrán Turner Contemporary wà, torí ẹ̀bá ibẹ̀ ni ère tí mo fẹ́ kí Màmá rí wà. Antony Gormley ló ṣe é, ọdún 2017 ni wọ́n sì gbé e síbẹ̀, lórí àpáta tí wọ́n ń pè ní Fulsam. Ọkùnrin kan ni, irin dídà ni wọ́n fi ṣe é, ara Gormley fúnra rẹ̀ ni wọ́n sì wò ṣe é. Ó dúró ṣánṣán, ó kọjú sí òkun. Omi ti fà kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀ nígbà tí a dé, gbogbo ara rẹ̀ ti dípẹtà. A ò sún mọ́ ọn, nítorí àpáta ibẹ̀ ń yọ̀, orúnkún Màmá ò sì dára. Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, “Ta ló ń bọ ọ́?” Mo ní kò sẹ́ni tó ń bọ ọ́, pé iṣẹ́ ọnà lásán ni. Wọ́n ní, “Ère tí òkun ń bò mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, o wá ń sọ pé iṣẹ́ ọnà lásán.” Èmi ò rò pé àlàyé kankan wà fún ère yẹn tó ju ìbéèrè ìyá mi lọ.

Láti ibẹ̀, a wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Cliftonville, níbi tí adágún Walpole Bay wà. Ní 1937 ni wọ́n fi kọnkéré mọ odi yí apá kan òkun ká, ó sì fẹ̀ tó éékà mẹ́rin. Tí òkun bá kún, á gun orí odi náà, á da omi tuntun sínú adágún. Tó bá fà, omi yẹn á há síbẹ̀. Ibẹ̀ làwọn ọmọ lúwẹ̀ẹ́ sí, a ò sì san kọ́bọ̀. Èmi dúró tì wọ́n nínú omi ní tèmi, torí apá tó kọjú sí òkun jìn ju ti etí ilẹ̀ lọ, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ń yọ̀. Ẹ mú bàtà tó ṣeé wọ wọ omi dání, àti aṣọ tó nípọn, kódà nígbà ooru. Omi yẹn tutù.

Ihò Shell Grotto ló kàn. Ọdún 1835 ni wọ́n ṣàwárí rẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀. Ìkarahun tó tó mílíọ̀nù 4.6 ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri rẹ̀, wọ́n fi ya oòrùn, ìràwọ̀, igi àti òdòdó. Títí di òní, kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó ṣe é tàbí ìdí tó fi ṣe é. Àwọn kan ní ojúbọ àwọn ará àtijọ́ ni, àwọn mìíràn ní olówó kan ló fi ṣeré. Èéfín fìtílà gáàsì àwọn tó wá wò ó láyé Ọbabìnrin Victoria ti sọ èyí tó pọ̀ nínú ìkarahun náà di dúdú. Wọ́n ń gbowó níbẹ̀, àtẹ̀gùn sì ni wọ́n fi ń sọ̀ kalẹ̀, nítorí náà ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn gbọ́dọ̀ rọra. Màmá di ọwọ́ mi mú sọ̀ kalẹ̀, nígbà tí wọ́n sì débẹ̀, wọn ò fẹ́ jáde mọ́.

Ilé àwòrán la padà sí lọ́sàn-án. David Chipperfield ló ya àwòrán bí wọ́n ṣe kọ́ ilé náà, ó sì ṣí ní ọdún 2011, níbi tí ilé Ìyáàfin Sophia Booth wà rí, tí ayàwòrán J. M. W. Turner máa ń wọ̀ sí. Ọmọdé ni Turner nígbà tó kọ́kọ́ lọ sílé ìwé ní Margate, wọ́n sì ní ó sọ pé ojú ọ̀run agbègbè yẹn ló rẹwà jù ní Yúróòpù. Ọ̀fẹ́ ni wíwọlé. Ibi fèrèsé ńlá tó kọjú sí òkun ni mo mú Màmá lọ tààrà. Ère àárọ̀ yẹn ti wọ omi dé àyà! Àwọn ọmọ ò kúrò níbẹ̀, wọ́n ń ṣọ́ ìgbà tó máa dé ọrùn.

Ibẹ̀ ni mo ti sọ̀rọ̀ Yinka Shonibare, oníṣẹ́ ọnà kan, fún Màmá. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti bí i, Èkó ló dàgbà sí, ní 2016 ni wọ́n sì gbé iṣẹ́ rẹ̀ kalẹ̀ nínú ilé yìí gan-an. Ó kó ìwé tó lé ní 6,000 jọ, ó fi àǹkárá bo gbogbo wọn, ó sì fi wúrà kọ orúkọ sẹ́yìn wọn, orúkọ àwọn tí wọ́n tàbí òbí wọn ṣí wá sí Bìrìtìkó. Ilé àwòrán Tate ti rà á báyìí, torí náà orí fóònù ni mo ti fi àwòrán rẹ̀ han Màmá. Gbági ni Màmá ti ta àǹkárá láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Mo sọ fún wọn pé ohun tó mú Shonibare yan aṣọ náà ni pé àwọn Òyìnbó Họ́láńdì ló fara wé aṣọ àwọn ará Indonéṣíà, kí wọ́n tó máa tà á fún wa. Màmá ní, “Ṣebí a mọ̀. Hólándì la kúkú ń pè é lọ́jà.” Wọ́n wá ní kí n tún àwòrán náà fẹ̀ sí i, kí àwọn lè wo irú àǹkárá tó lò.

Ibi ìgbafẹ́ Dreamland la fi kásẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀, torí ẹ̀gbẹ́ ibùdókọ̀ ló wà. Ọkọ̀ onígi tó ń gòkè sọ̀ níbẹ̀, Scenic Railway, ti wà láti 1920. Kò sí bíréèkì lójú irin rẹ̀. Nígbà tó ń ṣiṣẹ́, òṣìṣẹ́ kan ló máa ń bá àwọn èrò gùn ún, tó ń fọwọ́ fa bíréèkì. Iná jó o ní 2008, àmọ́ àwọn ará ìlú ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ṣáájú ìgbà náà pé ibi ìgbafẹ́ yẹn ò gbọ́dọ̀ parẹ́. Ìjà wọn ló jẹ́ kó tún ṣí ní 2015, ọpẹ́ wọn kò sì lè pọ̀ jù. Àmọ́ ọkọ̀ onígi náà kì í gbé èrò mọ́ báyìí.

Tí omi bá kún láàárọ̀ ọjọ́ tiyín, ẹ yí ètò yìí padà: ẹ kọ́kọ́ lọ sí ilé àwòrán àti Shell Grotto, kí ẹ fi ère àti adágún sí ọ̀sán. Ẹ má sì mú ọjọ́ Mọ́ńdè, ilé àwòrán kì í sábà ṣí lọ́jọ́ náà.