Bí mo ṣe fi ìráhùn ṣí ọ̀nà fún àròkọ mi
Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi jókòó ti ìwé òfìfo nílé wa l'Óṣogbo, nítorí pé àròkọ mi lórí Igbó Ọ̀ṣun, tí UNESCO kà mọ́ ohun àjogúnbá àgbáyé lọ́dún 2005, kò kọjá gbólóhùn kan tí mo ń kọ, tí mo ń pa rẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ kẹta, mo kọ ohun tó ń ṣe mí gan-an: ẹ̀rù ń bà mí pé àwọn ẹlòmíràn ti sọ ọ́ tán. N kò gbé bírò sókè fún ìṣẹ́jú 15 (àmì ohùn pàápàá, mo fò ó). Lójú ìwé kejì, ìráhùn náà yà sọ́dọ̀ ọ̀bọ kan tó já ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbà lọ́wọ́ mi nínú igbó náà. Ibẹ̀ ni àròkọ ti bẹ̀rẹ̀, mo sì fagi lé gbogbo ohun tó ṣáájú rẹ̀.