Pípọ́n Ayùn Eléyín Wẹ́wẹ́: Àṣìṣe Àwa Tójú Wa Ti Ń Dàgbà

Ọ̀rẹ́ mi kan, káfíńtà bíi tèmi, gbé ayùn wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Òkè-Fìà l'Óṣogbo. Gíláàsì mẹ́ta ló wà lápò rẹ̀, kò sì sí èyí tó fi rí eyín ayùn. Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ inú bí mi.

Èkíní, gíláàsì tó le jù. Bàbá á dé ìkòríta Ọláìyá, á ní kí wọ́n fún òun ní èyí tó le jù nínú igbá. Ẹ gbọ́ ná! Bí nọ́ńbà gíláàsì bá ṣe ń ga sí i, bẹ́ẹ̀ lojú gbọ́dọ̀ sún mọ́ iṣẹ́ sí i. Fún ẹni tó ṣì ń rí òkèèrè dáadáa, +1.50 mọ́ títí dé nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 66, +3.00 ò kọjá 33. Imú á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan fáìlì! Ẹ wọn ibi tójú yín ń wà sí ayùn kẹ́ ẹ tó náwó.

Èkejì, fáìlì ńlá fún eyín kékeré. Ẹ má dán an wò.

Ẹ̀kẹta, ayùn tí wọ́n fi iná mú eyín rẹ̀ le, tí ṣóńṣó rẹ̀ dúdú bí aró Òṣogbo. Fáìlì ò ràn án, fáìlì náà ló máa kú. Ẹ ra òmíràn.

Èyí tó wá ń dùn mí jù, mi ò mọ iye tó jẹ́ mọ́, ni ti ìmọ́lẹ̀. Èèyàn á kẹ̀yìn sẹ́nu ọ̀nà, òjìji rẹ̀ á bo ayùn, á ní ojú ló ń da òun láàmú. Èmi náà ṣe é. Wọ́n mú iná lọ, ilẹ̀ ń ṣú, oníbàárà dúró tì mí, agídí ò jẹ́ n ní kó padà wá lọ́la. Nígbà tí mo parí, eyín kan ga, èkejì kúrú. Ọmọ iṣẹ́ mi wò ó títí, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ má bínú o, ayùn yìí ti fẹ́ káyín."

Ẹ fi fáìlì pẹlẹbẹ gba orí gbogbo eyín kó tẹ́ dọ́gba. Ẹ jẹ́ kí ayùn wà láàárín yín àtiná, kíná náà wà nílẹ̀ díẹ̀. Tọ́ọ̀ṣì fóònù tó. Orí eyín tó tẹ́ á máa dán bí ìràwọ̀. Ẹ pọ́n ọ̀kan, ẹ fo ọ̀kan, kí dídán náà dín sí ìdajì. Tẹ́ ẹ bá yí ayùn padà, ẹ pọ́n àwọn tẹ́ ẹ fò, kí dídán náà tán pátápátá, kẹ́ ẹ sì dúró. Ẹ fi máákà kun eyín kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ò ní ṣì í kà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń wọ́ fáìlì padà lórí eyín, mo rí yín o.

Ayùn tuntun ni mo rà fún oníbàárà yẹn. Èyí tó káyín ṣì wà lára ògiri mi. Ọmọ iṣẹ́ ò jẹ́ n sọ ọ́ nù.