Iná ṣọ́ọ̀kì tó ń tàn bó ṣe wù ú
Bí mọ́tò eré mi bá ti kó sí gálọ́ọ̀pù, iná ìkìlọ̀ ṣọ́ọ̀kì (ohun tó ń jẹ́ kí mọ́tò má fò jù; tèmi ní wáyà iná) á tàn. Tí mo bá pa á, tí mo tún tan án, ó ti lọ. Mẹkáníìkì ní kí n ra ṣọ́ọ̀kì iwájú méjèèjì. Owó yẹn kẹ̀! Mo wọn bátìrì: 12.6 fóòtì, kò sí wàhálà. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń yẹ mọ́tò wò ní ọwọ́ ọ̀tún iwájú ni àléébù wà. Mo fi mítà tó ń wọn iná sí wáyà ṣọ́ọ̀kì ibẹ̀, mo ń mì ín díẹ̀díẹ̀. Bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà báyìí, nọ́ńbà fò! Wáyà ti já nínú rọ́bà tó bò ó, ìta ń dán gbinrin. Mo fi wáyà tuntun tó rọ̀ rọ́pò ibẹ̀, mo sì dè é jìnnà sí táyà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé, kò tàn mọ́.