Ẹ̀yìn ọmọ mi àti róòbù mẹ́rin

Róòbù mẹ́rin ni mo rà kí ẹnikẹ́ni tó sọ òótọ́ fún mi. Ọmọ ọdún 15 ni ọmọ mi, bọ́ọ̀lù ló ń gbá, ìbàdí ló sì ń dùn ún. Kóòṣì ẹ̀ ní iṣan ló fà. Bàbá kan tó máa ń wọ́ èèyàn lára lẹ́bàá Ọjà Ọba ní iṣan ni, ó gbowó lẹ́ẹ̀mẹta. Èmi náà sọ pé iṣan ni, kí n má parọ́.

Nígbà tó pé oṣù kan, mo mú un lọ sílé ìwòsàn. Ti káàdì àti orí ìlà, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ẹ̀ksiréè ló fẹ́ẹ̀ pa mí. Lọ́jọ́ Ajé, kò síná. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun iná wà, ẹni tó ń ya fọ́tò ló lọ síbi ìsìnkú. Wọ́n yà á ní Ọjọ́rú, wọ́n ní kí n padà wá lọ́jọ́ Ẹtì torí ẹni tó máa kà á kò sí nílé. Ó dé lóòótọ́, fọ́ọ̀mù wa ló wá sọnù! Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti ṣọ́ọ̀bù ní Alágbàká torí fọ́tò kan ṣoṣo. Èsì wá ní kò sí nǹkan kan, kó máa gbá bọ́ọ̀lù ẹ̀ lọ. Ní Sátidé, ó fẹ́ ju bọ́ọ̀lù wọlé láti ẹ̀gbẹ́ pápá, ó rọ̀ sẹ́yìn, kò lè nàró mọ́.

Ìyá ọ̀rẹ́ ẹ̀ ló júwe físíò kan fún wa, ẹni tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú iṣan àti egungun. Ọmọbìnrin kékeré ni, mo kọ́kọ́ fojú di í. Ó bi ọmọ mi pé, "Ṣé tó o bá tẹ̀ba síwájú ló ń dùn ọ́, àbí tó o bá rọ̀ sẹ́yìn?" Ó ní tóun bá rọ̀ sẹ́yìn ni. Kò sẹ́ni tó béèrè ìyẹn látọjọ́ yìí! Físíò ní kó fẹsẹ̀ kan dúró kó rọ̀ sẹ́yìn, ọmọ ké "yéè!" Ó bi mí bóyá ìrora ń jí i lóru, bóyá ara ẹ̀ ń gbóná, bóyá ó ń rù, bóyá ẹsẹ̀ ẹ̀ ń kú tàbí ìtọ̀ ń nira fún un. Mo ní rárá. Ó ní, "Mọ́mì, tí egungun bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sán, ẹ̀ksiréè kì í sábà rí i. Ẹ jẹ́ ká ṣe MRI, àyẹ̀wò tó ń fi ẹ̀rọ òòfà ya àwòrán inú ara."

Àjọ mi ni mo sáré kó ṣáájú àsìkò. MRI fi hàn pé egungun karùn-ún nínú egungun ẹ̀yìn tó wà ní ìbàdí, èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá nínú wọn, ti sán. Ọmọ mi ò ṣubú o. Rírọ̀ sẹ́yìn àti yíyí ara láìmọye ìgbà ló sán an díẹ̀díẹ̀, egungun ọmọ tó ṣì ń dàgbà.

Kò sí bọ́ọ̀lù fún oṣù mẹ́ta, àfi eré ìdárayá tó ń mú ikùn àti ẹ̀yìn le. Ká ní mo mọ̀ ni, ọ̀sẹ̀ méjì ni ǹ bá fi dúró, ọ̀dọ̀ físíò ni ǹ bá sì kọ́kọ́ gbà lọ.

Kóòṣì pè lánàá, ó ní ìdíje ń bọ̀, ìgbà wo lọmọ máa padà? Mo ní kó má bínú, iṣan ẹnu mi ló fà.